Bọ́dì Bàbá Lórí Ṣáásì Tuntun

   

Láti Àrámọ̀kọ-Èkìtì ni ìwé tí mo fẹ́ dá lóhùn lọ́sẹ̀ yìí ti wá. Tíṣà ni ẹni tí ó kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ sì ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ní nígbà tí bàbá òun re ibi àgbà ń rè, Land Rover kan ni ó fi sílẹ̀. Ní gbàǹjo ìjọba ni bàbá ti rà á. Ọkọ̀ yìí ni ó fi ń kó kòkó láti oko rẹ̀ lọ́nà Ẹ̀rìnjìyàn. Òun náà ni ó gbé ìyàwó tuntun wálé, tí ó gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru, tí ó sì gbé òkú àgbà wọ̀lú. Bọ́dì rẹ̀ ṣì dúró digbí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n ṣáásì rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé bí ènìyàn bá fi ìka tì í, ìka á wọlé bí ẹni tó fi ọwọ́ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

Ìyá fẹ́ kí ọkọ̀ náà tún rìn. Mẹ́káníìkì kan ti bá wọn rí Hilux kan tí ìjàǹbá ti fọ́ òkè rẹ̀, ó sì ní kí wọn jẹ́ kí òun gbé bọ́dì Land Rover lé ṣáásì Hilux náà. Owó kòkó ọdún yìí ni ìyá fẹ́ fi ṣe é. Ìbéèrè méjì ni tíṣà wa bi mí. Èkíní: ṣé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe? Èkejì: mẹ́káníìkì ní kí wọn má yọ ara wọn lẹ́nu nípa ìwé ọkọ̀. Ó ní òun yóò gé ibi tí nọ́ńbà wà lára ṣáásì bàbá, òun yóò jó o mọ́ ara ṣáásì Hilux, wọn yóò sì máa lo ìwé bàbá àti nọ́ńbà bàbá lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ dára?

Èkejì ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ó lè gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́. Kò dára, Tíṣà. Ẹ má ṣe é. Bí mẹ́káníìkì náà bá tún un sọ, ẹ wá mẹ́káníìkì mìíràn. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ olè rárá, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Ẹ má jẹ́ kí gígé nọ́ńbà sọ ọ́ di iṣẹ́ olè mọ́ yín lọ́wọ́.

IṢẸ́ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé gbígbé bọ́dì lé ṣáásì jẹ́ àrà tuntun. Kì í ṣe àrà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà. Bí Bedford àti Austin ti ń ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ nígbà náà, kò sí ilé lórí wọn. Ṣáásì, ẹ́ńjìnnì, táyà àti iwájú ọkọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n ń fi pákó kọ́ bọ́dì lé e: wọ́n á gbé òpó dúró, wọ́n á kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sí inú, wọ́n á bo òrùlé, ayàwòrán á sì kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kó kòkó wa jáde láti Ẹ̀fọ̀n, Òkèmẹ̀sí, Àrámọ̀kọ àti Ìjerò, tí ó sì kó iyọ̀, aṣọ àti páànù wọlé fún wa.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn káfíńtà wọ̀nyí kì í gé ṣáásì kúrú nítorí pé pákó wọn kò tó. Ṣáásì ni wọ́n ń wọ̀n, pákó ni wọ́n ń gé. Ìkejì ni pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbangba: bí ó ti wúwo tó lófìfo, bí ó ti gbọ́dọ̀ wúwo tó bí ó bá kẹ́rù, àti iye èrò tí ó lè gbé. Ọlọ́pàá tí ó bá dúró lójú ọ̀nà lè kà á kí ó tó bi awakọ̀ ní ìbéèrè kankan. Bí Tíṣà bá fi àpẹẹrẹ méjèèjì yìí sọ́kàn, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

ÌDÍ TÍ BỌ́DÌ FI PẸ́ JU ṢÁÁSÌ LỌ

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé ní ìlú Amsterdam. Ogun Hitler kò tíì pẹ́ tí ó parí nígbà náà. Irin wọ́n ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni ó ń pín in. Nítorí náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú bọ́dì, wọ́n sì fi irin ṣe ṣáásì. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Ṣùgbọ́n ṣáásì náà dàbí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Omi òjò àti ẹrẹ̀ pupa a máa wọ inú rẹ̀, wọn a sì jókòó síbẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, tí òjò ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, ó hàn pé láti inú wá ni yóò ti jẹ, kí olówó ọkọ̀ tó mọ̀. Òun ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ bàbá. Kì í ṣe pé bàbá kò tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti bá rí, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣì ń ṣe ṣáásì tuntun fún Land Rover àtijọ́, tí wọ́n ń rì í sínú síńkì kí ó má baà dógùn-ún mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó o, ìyẹn ni ó rọrùn jù, nítorí ihò bóòtù kò ní yà síbì kan. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ àti owó ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ẹrù kékeré. Mo mọ̀ pé ìyá kò ní torí ọkọ̀ ta oko.

AṢỌ NI BỌ́DÌ, ENI TÍ Ó WỌ̀ Ọ́ NI ṢÁÁSÌ

Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Lójú òfin, aṣọ ni bọ́dì ọkọ̀ jẹ́. Ṣáásì ni ènìyàn tí ó wọ aṣọ náà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara ṣáásì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Orúkọ yìí ni ó wà nínú ìwé láísẹ́ńsì, nínú ìwé ẹ̀rí pé ìwọ ni o ni ọkọ̀, nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè, àti nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ènìyàn lè pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, orúkọ rẹ̀ kò yí. Ṣùgbọ́n bí Làgbájá bá wọ agbádá Tàmẹ̀dò, tí ó sì ní òun ni Tàmẹ̀dò, tí ó mú ìwé Tàmẹ̀dò lọ gbowó ní báǹkì, kí ni à ń pe ìyẹn?

Ohun tí mẹ́káníìkì yẹn fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ó fẹ́ fi orúkọ òkú pe alààyè. Bóyá kò tilẹ̀ ní ìkà kankan nínú. Bóyá ó rò pé òun ń gba ìdílé náà lọ́wọ́ ìnáwó ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ajímọ́tò ń ṣe: wọ́n ń ra ìwé ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n ń gé nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì ń jó o mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ọlọ́pàá tí ó bá rí ojú ìjó níbi tí nọ́ńbà wà kò lè mọ̀ pé ìyá oníkòkó láti Àrámọ̀kọ ni ẹ jẹ́. Ajímọ́tò ni yóò kà yín sí.

Mo mọ obìnrin oníṣòwò kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣe òun ni ó yí nọ́ńbà padà. Ẹni tí ó ta bọ́ọ̀sì fún un ni ó ti yí i kí ó tó tà á. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì náà kó iṣu, wọ́n dá a dúró, wọ́n fi ọwọ́ nu ṣáásì, wọ́n rí i. Wọ́n gba ọkọ̀ náà sílẹ̀. Iṣu jẹrà, ẹni tó tà á sá lọ, owó gbèsè sì ń gorí ara. Nígbà tí wọ́n gbà pé obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, òjò ti pa bọ́ọ̀sì náà títí ó fi di ilé aláǹgbá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe Land Rover ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ènìyàn bá tún ọkọ̀ tò lọ́nà tí ó yí i padà gidigidi, máàkì ni wọ́n fi ń pinnu bóyá ọkọ̀ náà lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ṣáásì ní máàkì 5. Ohun tí ó gbé ọkọ̀ lé táyà ní 2. Irin tó so táyà pọ̀, tiwájú tẹ̀yìn, ní 2. Jíà ní 2. Síárìn ní 2. Ẹ́ńjìnnì ní 1. Ẹni tí kò bá ní 8, tàbí tí ṣáásì rẹ̀ kò bá jẹ́ ti àtilẹ̀wá tàbí irú rẹ̀ gan-an láti ilé iṣẹ́, nọ́ńbà àtijọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́; ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tún ìlànà wọn tò, kí ó lè rọrùn díẹ̀ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá yí egungun ọkọ̀ padà ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba. Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ ní máàkì, ẹ wo èyí tí mo kà sókè dáadáa. Mélòó ni wọ́n fún bọ́dì? Òfo. Bí bọ́dì ti lẹ́wà tó, kò mú máàkì kan wá sílé.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ YÓÒ ṢE DÁRA

Wàyí o, ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá tẹ̀lé ọgbọ́n káfíńtà bọ́lẹ̀kájà.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ní Land Rover kékeré bíi ti bàbá, ìǹṣì 88 ni àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn, èyí tí í ṣe mítà 2.235. Hilux tí ẹ pè ní Vigo nínú ìwé yín, mítà 3.085 ni tirẹ̀. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá: ó ku mítà 0.85, èyí tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀. Mẹ́káníìkì yín yóò ní kí òun gé ìyẹn kúrò láàárín ṣáásì, kí òun jó ìyókù pọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Irin ṣáásì ni ó ru gbogbo ẹrù. Ibi tí wọ́n bá gé tí wọ́n sì jó láìdára ni yóò ti ṣẹ́, kì í sì í ṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sí abẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tí ó bá kó àpò kòkó, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lókè Ẹ̀fọ̀n, ni yóò yan láti ṣẹ́.

Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ fi ṣáásì sílẹ̀ bí ó ti gùn. Ẹ gbé iwájú Land Rover àti ibi ìjókòó rẹ̀ sí orí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí káfíńtà àti wẹ́dà ṣe ẹ̀yìn ẹlẹ́rù tuntun tí yóò gba gígùn tó kù. Kòkó ni ìyá ń kó. Àyè tí ó gùn sí i yóò wúlò fún un ju ọkọ̀ kúkúrú lọ. Ṣáásì ni a ń wọ̀n, bọ́dì ni a ń gé.

Hilux tí ìjàǹbá ṣe, ẹ má ṣe gbà pé ṣáásì rẹ̀ tọ́ nítorí pé ó tọ́ lójú. Ẹ mú okùn. Ẹ nà án láti ihò bóòtù iwájú lọ́wọ́ òsì dé ihò bóòtù ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ sàmì sí i. Ẹ tún nà án láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Bí okùn méjèèjì kò bá gùn bákan náà, ṣáásì náà ti wọ́. Ẹ má rà á. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yín lè ṣe ìṣirò yìí fún yín.

Ọ̀rọ̀ síárìn tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ojú títì sílẹ̀, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ bàbá, ọdún 1968 ni ẹ ní ó wà nínú ìwé rẹ̀, síárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ti Hilux wà lọ́wọ́ òsì, ibẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Ọpẹ́ ni pé àwọn tó ṣe Land Rover mọ̀ pé àwọn ń tà á fún orílẹ̀-èdè olósì àti ọlọ́tùn-ún, wọ́n ṣe ògiri iwájú rẹ̀ kí ó lè gba síárìn níhà méjèèjì, wọ́n sì to àwọn agogo rẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Nítorí náà, bọ́dì kò ní bá yín jà púpọ̀. Ṣùgbọ́n irin tó so síárìn mọ́ táyà kì í ṣe irin wíńdò tí à ń gé tí à ń jó pọ̀ bí ó ti wù wá. Bí kò bá gùn tó, ẹ wá èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe.

Ní ti bíréèkì, ohun kan wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Hilux tí ó ń wọn ẹrù, tí ó ń sọ fún bíréèkì ẹ̀yìn bí yóò ti dì mú tó. Bọ́dì alumíníọ̀mù fẹ́rẹ̀ ju ti Toyota lọ. Bí wọn kò bá tún ohun náà tò, bíréèkì ẹ̀yìn lè mú jù tàbí kí ó má mú tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún un tò, kí ẹ sì dán ọkọ̀ wò lófìfo lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó ẹrù díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó o kún. Ẹnikẹ́ni má ṣe fi òkè Ẹ̀fọ̀n ṣe ibi ìdánwò àkọ́kọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké kù. Níbi tí alumíníọ̀mù bá ti kan irin, ẹ fi rọ́bà sí àárín wọn, nítorí bí omi bá wọ àárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun. Bẹ́líìtì ìjókòó kò sí nínú ọkọ̀ bàbá láti ilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú èyí, kí ẹ sì fi bóòtù dè é mọ́ irin tó lágbára, kì í ṣe mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá fi bẹ́líìtì de ènìyàn mọ́ páànù, a kò tíì dè é mọ́ nǹkan kan.

ÌWÉ NI KÍ Ó ṢÁÁJÚ IRIN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa parí iṣẹ́ kí wọ́n tó ronú ìwé. Ẹ yí i padà. Bí ẹ óò ṣe tò ó nìyí.

Èkíní, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lórí Hilux, ẹ béèrè ìwé rẹ̀: ìwé ẹ̀rí olówó ọkọ̀, ìwé aṣọ́bodè, àti rìsíìtì. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ nu ara ṣáásì, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Tíṣà, èyí tọ́ sí ọwọ́ yín. Lára ọkọ̀ ìgbà tiwa, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni ó gbọ́dọ̀ pé, kì í sì í ní lẹ́tà I, tàbí O, tàbí Q nínú, kí ènìyàn má baà ṣì í kà sí 1 tàbí òfo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀. Hilux tí ó gba ọ̀nà igbó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà kò lè ní ìwé gidi. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n yẹ nọ́ńbà náà wò nínú àkọsílẹ̀ wọn bóyá ẹnikẹ́ni ń wá a.

Èkejì, ẹ pe ìdílé jọ. Ọkọ̀ olóògbé kì í ṣe ti ọmọ kan. Gbogbo ọmọ bàbá, ti ìyá yìí àti ti ìyàwó mìíràn bí ó bá wà, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà kí ẹ tú ọkọ̀ náà, kí ẹ sì lo bọ́dì rẹ̀. Mo ti rí ilé tí ó tú ká nítorí àga olóògbé, kí a má tíì sọ ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó tú bóòtù kan, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì lódindi, kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì ọkọ̀ àti sí àwọn V.I.O. ní Adó-Èkìtì. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní ṣókí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n bá lù ní òǹtẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe olè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kíyè sí irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kàn mọ́ inú Land Rover, tí nọ́ńbà ọkọ̀ bàbá wà lára rẹ̀. Bọ́dì ni ó tẹ̀ lé, kì í ṣe ṣáásì. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ yín yóò máa jẹ́ orúkọ méjì, ọlọ́pàá kò sì fẹ́ràn ọkọ̀ olórúkọ méjì. Ẹ má dá a yọ. Ẹ fi han V.I.O., kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́ tọ́jú.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má tíì gbé e lọ oko. V.I.O. ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fún yín ní ìwé pé ó yẹ fún ojú títì. Orúkọ ṣáásì Hilux ni kí ó jẹ́ nínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́dì rẹ̀ ti yí padà, àti àwọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ bàbá, ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín, kí wọ́n fagi lé e.

Ẹ̀kẹfà ni ìnṣọ́ránsì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni owó ìnṣọ́ránsì tí òfin pa láṣẹ fún ọkọ̀ ilé ti kúrò ní ₦5,000 bọ́ sí ₦15,000, àwọn ọlọ́pàá sì kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n kí ẹ ra ìwé nìkan kò tó. Ẹ sọ fún wọn pé bọ́dì Land Rover ni ó wà lórí ṣáásì Toyota, ẹ sọ pé ẹrù ni yóò máa kó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, tí ọkọ̀ sì ṣe ẹnìkan léṣe, wọ́n lè ní ọkọ̀ tí àwọn gba owó lé lórí kọ́ nìyí. Ta ni yóò wá san án? Owó kòkó ìyá ni.

Ẹ óò rí i pé ìnáwó ìwé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó irin. Ìrìn àjò Adó lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fọ́tò díẹ̀, owó tí ìjọba ń gbà, àti sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí Tíṣà fi sùúrù sọ fún ìyá. Nínú ìwé ìjọba, ọkọ̀ tí yóò jáde yẹn, Toyota ni. Land Rover bàbá ti kú lọ́jọ́ tí ṣáásì rẹ̀ jẹrà. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ bàbá àti nọ́ńbà bàbá ni ìyá ń fẹ́ rí lójú títì, kí ẹ dúró títí owó ṣáásì irú rẹ̀ gan-an yóò fi pé, tàbí kí ẹ tún ọkọ̀ náà kùn kí ó jókòó níwájú ilé bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí yóò kó kòkó ni ìyá ń fẹ́, tí yóò sì tún máa rí ojú Land Rover ọkọ rẹ̀ ní àárọ̀, iṣẹ́ yìí yóò fún un ní méjèèjì láìsí ẹ̀rù. Bí eégún bá gbé aṣọ bàbá jáde, a kì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ.

Tíṣà, ẹ bá mi kí ìyá. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ̀wé sí mi bí ó ti rìn sí lókè Ẹ̀fọ̀n, kí gbogbo wa gbọ́. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ní ìbéèrè lórí ọkọ̀, ilé tàbí ọjà, ẹ má jẹ́ kí ó kú sí yín nínú. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire o.